Ìdajì Ìṣẹ́jú-Àáyá

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund ń wọn bí PostgreSQL ṣe ń yára sí. Microsoft ló ń san owó oṣù rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó ń kọ PostgreSQL, ìyẹn sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ rẹpẹtẹ ń kó àkọsílẹ̀ wọn sí. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ìyára nǹkan lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa gbogbo ariwo yòókù, bí ẹni tó ń wá ẹ̀fọn nínú yàrá lóru. Freund pa ariwo tán, ó wá rí i pé ọ̀kan ò dákẹ́. SSH ni.

SSH ni ilẹ̀kùn tí àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ń gbà wọ server tó wà lọ́nà jíjìn. Wíwọlé tó yẹ kó gba nǹkan bí 0.3 ìṣẹ́jú-àáyá ti ń gba 0.8. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré ló fi lé. Ká sọ pé èmi ni, màá ní network ni, màá sì lọ wá nǹkan jẹ.

Freund tọ ipasẹ̀ nǹkan náà títí ó fi dé inú xz, irinṣẹ́ kékeré kan tó ń fún fáìlì pọ̀ kó má baà gba àyè púpọ̀. Ẹnì kan ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà yẹn lọ́wọ́ lè wọ server tó bá gbé ẹ̀dà xz náà láìní páásíwọọ̀dù, kó sì pa àṣẹ tó bá wù ú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, tó bọ́ sí Good Friday, Freund kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé. Ẹ̀dà tó ní májèlé nínú ti wọ Debian àti Fedora, àmọ́ inú àwọn ẹ̀dà ìdánwò wọn ló ṣì wà. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó pọ̀ jù.

Ìtàn yìí ti di àlọ́ tí àwa onísọ́fítíwíà ń pa fún ara wa. Ibi tí a sábà máa ń gbé ariwo lé ni ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá yẹn: ọkùnrin kan fura, ayé sì yọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí olè ṣe rí ọ̀nà wọlé ló ń jẹ mí lógún jù, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀pọ̀ ògiri ni a mọ pẹ̀lú ẹnu, torí pé nígbà tí à ń mọ ọ́n, kò sí aláǹgbá kankan ládùúgbò.

Ẹ wo Modbus. Ní 1979, ilé-iṣẹ́ Modicon ní Amẹ́ríkà ṣe èdè kan tí àwọn kọ̀ǹpútà kékeré inú ilé-iṣẹ́ lè máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní PLC: èyí tó ń ṣí ẹnu páìpù, tó ń tan mọ́tò, tó ń ka bí nǹkan ṣe gbóná tó. Èdè náà rọrùn, ó sì dára gan-an. Ohun kan ni kò sí nínú rẹ̀: kò sí “ta nìyẹn?” Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn tó ní kí ẹ̀rọ ṣí páìpù kẹta, ẹ̀rọ á ṣí páìpù kẹta. Kò ní béèrè orúkọ, kò ní béèrè páásíwọọ̀dù.

Ẹ má rò pé àwọn tó ṣe é gọ̀. Wáyà tí wọ́n ń sọ èdè yìí lórí rẹ̀, láti ògiri kan dé ògiri kejì nínú ilé-iṣẹ́ kan náà ló mọ. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Ọlọ́dẹ yẹn ni páásíwọọ̀dù. Nígbà tó di 1999, wọ́n ṣe ẹ̀dà Modbus tó lè gba orí netiwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà kọjá, irú èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Wáyà ti gba abẹ́ ọgbà jáde, ọlọ́dẹ ṣì jókòó sẹ́nu géètì tó ń kí àwọn tó ń wọlé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ará Maroochy ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, rí ohun tí èyí lè dá sílẹ̀. Rédíò ni wọ́n fi ń darí àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi ìdọ̀tí ìlú wọn, omi ṣáláńgá àti gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ti bá ilé-iṣẹ́ tó gbé rédíò náà kalẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó kọ̀wé béèrè iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, wọn ò gbà á. Ló bá gbé kọ̀ǹpútà àti rédíò sínú ọkọ̀, ó ń wa ọkọ̀ káàkiri, ó ń pàṣẹ fún àwọn ẹ̀rọ. Nǹkan bí 800,000 lítà omi ìdọ̀tí ló dà sínú odò, sínú ọgbà ìgbafẹ́, àti sínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Kò já ilẹ̀kùn kankan. Ó kàn mọ èdè àwọn ẹ̀rọ yẹn ni, àwọn ẹ̀rọ náà ò sì bi í pé ta ló bí i.

Stuxnet ló wá gbé e dé òkè téńté. Oṣù kẹfà ọdún 2010 ni ilé-iṣẹ́ kan ní Belarus kọ́kọ́ rí i, àmọ́ ó pẹ́ díẹ̀ kí ayé tó mọ ohun tó wá ṣe. Ìrànlọ́wọ́ USB ló fi ń rìn, kó baà lè dé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò dé. Ó ní ihò mẹ́rin lọ́wọ́ nínú Windows tí Microsoft fúnra wọn ò tíì mọ̀ nípa wọn. Ó fi ìwé ẹ̀rí tí wọ́n jí lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ gidi, Realtek àti JMicron, ṣe aṣọ bora, kí Windows lè rò pé ọmọlúàbí ni. Bó bá wọ kọ̀ǹpútà rẹ, tí kò bá rí PLC Siemens tó ń wá níbẹ̀, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Natanz ló ń lọ, ní Ìráànì, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ ti ń yí bírí láti ṣa uranium.

Àwọn ẹ̀rọ yẹn, ìyára 1,064 hertz ni wọ́n mọ̀. Stuxnet á gbé e sókè sí 1,410 fún ìgbà díẹ̀, á dá a padà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 27, á já a wálẹ̀ sí 2, á tún dá a padà. Kò sí ìbúgbàù, kò sí ariwo. Àwọn ẹ̀rọ kàn ń bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí eyín àgbà. Ohun tó máa ń jẹ́ kí orí mi wú ni pé Stuxnet kọ́kọ́ máa ń ka bí nǹkan ṣe rí nígbà tí gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa, á tọ́jú rẹ̀, nígbà tó bá wá ń ṣe iṣẹ́ ibi, á máa fi àkọsílẹ̀ àtijọ́ yẹn han àwọn tó ń wojú ẹ̀rọ. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo nọ́ńbà tó dára. Gbogbo ayé gbà pé Amẹ́ríkà àti Ísírẹ́lì ló ṣe é, àwọn méjèèjì ò sì jáde wá jẹ́wọ́.

Ní Ukraine, ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2015, wọn ò tiẹ̀ fara pamọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná rí i tí mouse ń rìn fúnra rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tó ń pa iná ìlú kan lẹ́yìn òmíràn. Nǹkan bí 225,000 oníbàárà ló wọ òkùnkùn nínú òtútù. Láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n ti tan án padà, torí pé àwọn ẹ̀rọ wọn ṣì jẹ́ irú èyí tí ènìyàn lè wakọ̀ lọ bá, kó fọwọ́ gbé e sókè. (Mo máa ń bi ara mi pé tí wọ́n bá ṣe irú ẹ̀ fún wa ní Nàìjíríà, ta ló máa fura? “NEPA ti múná lọ,” ó tán, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.)

Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ̀rọ ló ń gba ẹni tí kò mọ̀ gbọ́. Nínú sọ́fítíwíà tí à ń pè ní open source, ọ̀rọ̀ tún wá kan ìgbàgbọ́ ènìyàn nínú ènìyàn. Kóòdù wà ní gbangba, ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lè mú àtúnṣe wá, ọ̀fẹ́ ni. Orí irú sọ́fítíwíà yìí ni fóònù rẹ jókòó lé, òun náà ni áàpù báǹkì rẹ ń lò. Nǹkan bí ọdún 1997 ni Eric Raymond sọ èrò kan tí gbogbo wa wá gbà bí ìhìnrere: pé bí ojú tó ń wo kóòdù bá ti pọ̀ tó, àléébù kò ní rí ibi sá sí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àbí? A ò bi ara wa pé ojú mélòó ló ń wò ó ní tòótọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2011, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ti wà ní àìsùn ọdún tuntun, àtúnṣe kan wọ inú OpenSSL. OpenSSL ló ń ti ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ìwọ àti wẹ́ẹ̀bù pa, kí ará àárín ọ̀nà má baà gbọ́ ọ. Àtúnṣe yẹn mú ohun kékeré kan wá tí wọ́n ń pè ní heartbeat: kọ̀ǹpútà kan á ju ọ̀rọ̀ sí èkejì, èkejì á dá ọ̀rọ̀ yẹn padà, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn ṣì jọ wà lórí ìlà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀bù ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan wà lọ́jà tó ń bá àwọn ènìyàn tọ́jú ẹrù. O gbé àpò gaàrí kan wá, o ní, “Mà, ẹ bá mi tọ́jú àpò mi, àádọ́ta ni.” Ìyá ò kà á. Nígbà tó o padà dé, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpò fún ọ: ọ̀kan tìrẹ, mọ́kàndínláàádọ́ta ti àwọn ẹlòmíràn. Heartbleed nìyẹn. Ẹni tó bá ju ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn tó, OpenSSL ò sì kà á. Ó lè bu ohun tó tó 64 kilobyte jáde nínú ìrántí server fún ọ lẹ́ẹ̀kan, o sì lè padà wá béèrè títí. Páásíwọọ̀dù ẹlòmíràn lè wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ server gan-an lè wà níbẹ̀. Ẹni tó yẹ àtúnṣe náà wò kí wọ́n tó gbà á wọlé kò rí i, ó sì wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n kéde rẹ̀, lẹ́yìn tí Neel Mehta ní Google àti àwọn ará ilé-iṣẹ́ Codenomicon ní Finland ti rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹnì kan ti fi kó nọ́ńbà ìdánimọ̀ nǹkan bí 900 ènìyàn lọ ní ọ́fíìsì owó-orí ìjọba Kánádà.

Ìgbà yẹn ni àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè pé ta ló ń tọ́jú OpenSSL. Wọ́n rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe é. Ọrẹ tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kan? Nǹkan bí 2,000 dọ́là. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù wẹ́ẹ̀bù ló ní àléébù yẹn, ilé-iṣẹ́ olówó gbọbọi wà láàárín wọn, iye tí gbogbo wọn sì ń dá lọ́dún ò tó ra kọ̀ǹpútà dáadáa kan. Ojú ti àwọn ńláńlá díẹ̀. Google, Microsoft, Facebook, Amazon àti àwọn mìíràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣèlérí 100,000 dọ́là lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta, kí Linux Foundation lè fi ran irú àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Log4Shell, ní oṣù kejìlá ọdún 2021, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Log4j ni akọ̀wé ìpàdé nínú àwọn sọ́fítíwíà Java: ohun tó bá ṣẹlẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀. Láti 2013 ni wọ́n ti fún un ní ẹ̀bùn kan, pé bó bá rí irú gbólóhùn kan báyìí nínú ohun tó ń kọ, kó lọ wá ohun tí gbólóhùn náà tọ́ka sí. Ó wá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ìpàdé lè sọ pé “akọ̀wé, lọ gbé àpótí owó wá,” dípò kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, á dìde lọ gbé e. Àwọn kan dán an wò nínú géèmù Minecraft, wọ́n kàn tẹ gbólóhùn náà sí ibi tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ ni. Mo rántí ọ̀sẹ̀ yẹn dáadáa. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè ọ̀gá kò le: ṣé à ń lo Log4j? Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá ìdáhùn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ta sọ́fítíwíà fún wa búra pé àwọn ò lò ó. A tú ohun tí wọ́n tà fún wa, ó wà nínú rẹ̀, nínú nǹkan kan tó wà nínú nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí xz.

Lasse Collin, ọmọ Finland, ló ti ń tọ́jú xz fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun nìkan ni ká kúkú sọ. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún un. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan fi àtúnṣe kékeré kan ránṣẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ó fi òmíràn ránṣẹ́, ó tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ọmọ dáadáa, tó ń ṣiṣẹ́, tí kì í ṣàròyé.

Àwọn mìíràn ló wá ń bá a ṣàròyé. Láàárín ọdún 2022, ẹnì kan tó ń jẹ́ Jigar Kumar àti òmíràn tó ń jẹ́ Dennis Ens bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí gbangba. Kí ló dé tí àtúnṣe ò yá? Ó dà bíi pé olùtọ́jú yìí ò nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà mọ́. Ṣé kò yẹ kó gbé e fún ẹlòmíràn? Collin dá wọn lóhùn pẹ̀lú sùúrù tó ń dùn mí tí mo bá kà á. Ó ní òun ò tíì pa iṣẹ́ náà tì, àmọ́ ara òun ò fi bẹ́ẹ̀ yá láti ìgbà pípẹ́, ọkàn òun ti rẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kí Jia Tan gba ipò tó tóbi sí i láìpẹ́. Ó sì rán wọn létí pé iṣẹ́ àfẹ́ṣe ni, kò sówó níbẹ̀.

Nígbà tó fi máa di 2023, Jia Tan ló ti ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ó ní kí ètò kan tí Google fi ń yẹ kóòdù open source wò pa apá kan ìyẹ̀wò xz. Ó ní ìdí tó bọ́gbọ́n mu, wọ́n sì pa á. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó gbé 5.6.0 jáde. Ó fi májèlé náà pamọ́ sínú àwọn fáìlì tó jọ fáìlì bàjẹ́bàjẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, èyí tó wà ní gbangba. Ohun tó máa tú u, tó máa pò ó pọ̀, kò fi ìyẹn sí gbangba. Inú àpò tí wọ́n dì fún àwọn tó ń pín sọ́fítíwíà nìkan ló wà. Ìkòkò tí gbogbo ojú ń yọjú wò kọ́ ni wọ́n ti bu oúnjẹ fún wọn.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Gbogbo wa mọ òwe yẹn. Ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn nínú ọ̀rọ̀ xz ni Kumar àti Ens. Ọ̀pọ̀ ló gbà báyìí pé ọ̀kan náà ni wọ́n pẹ̀lú Jia Tan, tàbí pé wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pé wọ́n rán wọn wá láti rẹ ọkùnrin yẹn títí á fi gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ni. Mo ti ka àwọn ìwé yẹn léraléra. Kò jọ iṣẹ́ amí rárá. Ó jọ ọ̀rọ̀ tiwa. Kò sí ẹni tó fura nígbà náà torí pé bí a ṣe ń bá àwọn olùtọ́jú sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ fi irú èdè bẹ́ẹ̀ fara pamọ́, àwa la ti bá a rán aṣọ náà.

Nígbà tí Freund sọ̀rọ̀ síta, wọ́n ti àkáǹtì Jia Tan pa. Títí di òní, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó jẹ́, tàbí orílẹ̀-èdè wo ló rán an, bó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè ni. Collin padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣa májèlé náà kúrò, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó gbé 5.6.2 jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, mo lọ wá nǹkan kan tí mo kọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Sọ́fítíwíà kékeré kan ni, ọ̀fẹ́, à ń lò ó níbi iṣẹ́, ó ní àléébù kan tó ń dí wa lọ́wọ́. Mo ti kọ̀wé sí ẹni tó ni ín: “Any update? Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí. Tẹ́ ò bá ráyè, ẹ gbé e fún ẹni tó ráyè.” Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀, mi ò sì fi “ẹ jọ̀ọ́” kankan sí i. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́tàlá ti fi àtàǹpàkò gbè é lẹ́yìn.